Fojúwọ̀n Níwájú Ilẹ̀kùn Méjì

Aránṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fojúwọ̀n. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó na apá méjèèjì pé kó wá fi tépù wọn òun, Fojúwọ̀n á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ sọ apá yín kalẹ̀, ẹ ò ní fò." Á wò ó látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á mú ṣọ́ọ̀kì, á fà á sára aṣọ, á sì gé e. Ọjọ́ tí ẹni náà bá padà wá wọ̀ ọ́ wò, aṣọ á bá a mu rẹ́gí.

Ìgbéraga wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Ọkùnrin náà gbà pé kò sí ohun tí ojú òun kò lè wọ̀n. Bí èèyàn bá ń kọjá lọ lójú pópó, á jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, á máa sọ ọ́ pé ẹni yìí rí jẹ, ẹni yìí ń díbọ́n, ẹni yẹn, aṣọ àyálò ló wà lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ ló fi ń ka èèyàn. Ohun kan ṣoṣo tí kò wọ̀n rí ni ọtí tó ń mu.

Ọtí náà kò fi ipá wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ bá jókòó tí wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sán. Nígbà tó tún yá, ó di òwúrọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọtí nìkan ló sì lè mú un dúró. Òwú kì í wọ ojú abẹ́rẹ́ fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Báyìí ni ohun tó ba ọwọ́ jẹ́ ṣe di oògùn ọwọ́.

Inú àpótí tó ń kó àjákù aṣọ sí ló ń fi ìgò pamọ́ sí, ó sì rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Obìnrin náà jà, ó sunkún, ó dákẹ́, ó tún jà. Ó pe àwọn àgbà ẹbí jọ. Fojúwọ̀n dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó búra pé òun ti jáwọ́, tọkàntọkàn ló sì fi búra. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti padà sídìí àpótí. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ ilé náà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Nígbà tí àkókò tó tí ọmọ náà fẹ́ lọ sílé ọkọ, tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ra aṣọ funfun kan tí wọ́n ya òdòdó sí lára. Ojú kan ṣoṣo ni aṣọ náà ní, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé yí síta. Ó gbé e wá bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa rán an o."

"Ta ni ì bá tún rán an? Ṣé mo ti kú ni?"

Inú ọmọ dùn, inú bàbá náà dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gé e, Fojúwọ̀n ní kóun mu díẹ̀ kọ́wọ́ lè balẹ̀. Díẹ̀ náà bí òmíràn. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó gé iwájú, ó gé ẹ̀yìn, ó gé apá kan. Àkọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gé apá kan, wọ́n á yí i dà kí wọ́n tó fi wọn èkejì gé, torí apá ọ̀tún àti apá òsì kò jọra, bí iwájú apá ṣe jinlẹ̀ kọ́ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe jinlẹ̀. Fojúwọ̀n kò yí i dà. Ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu, ó gé èkejì lórí àmì kan náà. Apá ọ̀tún méjì ló gé. Aṣọ ti tán, ẹni tó tà á kò sì ní irú rẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà wá wọ̀ ọ́ wò. Apá òsì kò gbéra. Aṣọ náà lọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó kó jọ sábẹ́ abíyá. Ó wo dígí, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá, apá ọ̀tún méjì lẹ gé."

"Aṣọ yẹn ló ní àbùkù. Aṣọ ìsinsìnyí, wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́."

"Bàbá."

Ọmọ náà bọ́ aṣọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo, ì bá sàn fún bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Màá wá aṣọ míì, ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn bẹ́ ẹ ṣe wà yìí, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú mi wọlé. Ẹ̀gbọ́n mọ́mì ló máa mú mi. Àmọ́ tí ọtí bá ti kúrò lẹ́nu yín kọ́jọ́ náà tó pé, ẹ̀yin ni. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Fojúwọ̀n lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn ló ti ń rò ó bí òun yóò ṣe fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ojú yóò yí síbẹ̀. Kò sí ohun míì tó tún ń fẹ́ láyé. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò lè fi ọtí sílẹ̀. Ó ti gbìyànjú tó.

Ó dìde, ó lọ bá Kápíńtà. Kápíńtà yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni látìgbà èwe, wọ́n ti jọ mutí débi tí wọ́n jọ ń sùn sẹ́nu ọ̀nà onílé ọtí. Nígbà tó yá ni Kápíńtà kàn jáwọ́. Àwọn ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti yí. Fojúwọ̀n alára ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọ̀rẹ́ òun ti di omi tútù.

Ó bá a níbi tó ti ń rẹ́ pákó. Ó ní, "Báwo lo ṣe ṣe é?"

Kápíńtà mọ ohun tó ń béèrè. Ó gbé ayùn sílẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Jésù ló ṣe é. Ó sì tún fún mi láwọn èèyàn. Ìpàdé kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ títì yìí, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwa tí ojú wa ti rí màbo lọ́wọ́ ọtí la máa ń pàdé níbẹ̀. A máa jókòó yí ká. Tó bá kan ẹnì kan, á dìde, á sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bú u. A ó gbàdúrà, a ó wá máa bẹ ara wa wò títí Ọjọ́bọ̀ míì. Wá, jẹ́ ká jọ lọ."

"Afọ́jú ni mí ni, tí wàá fà mí lọ́wọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì ló kojú síra wọn ní kọ́rídọ̀ ibẹ̀, mo fẹ́ kó o mọ èyí tó jẹ́ tiwa."

"Fi yẹn sílẹ̀. Tí mo bá débẹ̀ màá mọ̀ wọ́n. Ṣé ojú mi ò mọ ọ̀mùtí ni?"

Ó ti yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ ni Kápíńtà kò ṣe ráyè sọ fún un pé ọwọ́ òsì ni.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Fojúwọ̀n dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn náà. Ó rí aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń jáde bọ̀. Kíá ló yà síbi tí wọ́n ti ń ta oògùn, ó ra oògùn orí fífọ́, orí kò sì fọ́ ọ. Ó mú un dání lọ sílé. Ọjọ́bọ̀ kejì, ọtí ni kò jẹ́ kó rántí pé Ọjọ́bọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ lọjọ́ ń lọ, títí ó fi ku Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo kí ìgbéyàwó tó dé.

Lọ́jọ́ náà, kò fẹnu kan ọtí láti àárọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Ó fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó sì lọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kò tíì rin ìrìn tó le tó yẹn rí.

Ó dé kọ́rídọ̀. Òótọ́ ni, ilẹ̀kùn méjì ló kojú síra, wọ́n ṣí díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọjú sí ti ọwọ́ òsì. Ọkùnrin kan jókòó, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, èjìká kóòtù náà jókòó débi pé Fojúwọ̀n mọ̀ pé ọ̀gá aránṣọ ló rán an. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ojú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Fojúwọ̀n mi orí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn nìyí, ìpàdé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ó yíjú sí ti ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn tó wà níbẹ̀ jókòó ká ògiri. Obìnrin kan, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọkùnrin kan ń táràrà wọlé, ó ń fọwọ́ wá àga. Omi ń ṣàn lójú ẹlòmíì, ẹnì kan tiẹ̀ wọ ẹ̀wù sódì, bọ́tìnnì tó sì wà níbẹ̀ kò bá ihò rẹ̀ pàdé. Ọkàn Fojúwọ̀n balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, àwọn èèyàn mi rè é. Ó wọlé, ó wá àga kan, ó jókòó.

Wọn ò sọ̀rọ̀. Ó rò pé òun ni wọ́n ń dúró dè. Ó rántí ohun tí Kápíńtà sọ, pé èèyàn á dìde, á sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Ó dìde, ó di àga mú kó má bàa ṣubú.

Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀mùtí ni mí. Mo ti ń mu ún látìgbà tọ́mọ mi ò tíì máa lọ iléèwé. Láàárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, mo ti mu ún. Mo parọ́ fún ìyàwó mi, mo parọ́ fáwọn àgbà. Mo ti ba aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́. Lọ́túnla ni ìgbéyàwó náà. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Ẹ wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ rè é tí òótọ́ máa jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí lórí ọ̀rọ̀ ọtí. Ó sọ ọ́ tomijé tomijé.

Ìyá àgbà kan tó wà nítòsí yíjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Háà, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ojú ló gbé tèmi wá síbí o. Dókítà ojú là ń dúró dè."

Ẹnì kan gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè ṣe é. Bó ṣe bú jáde báyìí, gbogbo yàrá gbà á. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ìjókòó ti sú wọn ni. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Láti igun yàrá, ọkùnrin kan tí wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀ méjèèjì na etí. Ó ní, "Ohùn yìí ò ṣàjèjì sí mi. Ṣé Fojúwọ̀n aránṣọ kọ́ nìyẹn?"

Fojúwọ̀n sá jáde. Ó gba iwájú ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì kọjá. Wọ́n ń kọrin ìyìn nínú ibẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́, Kápíńtà ti dé, ó wà láàárín wọn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Fojúwọ̀n kò wo ibẹ̀. Ọ̀nà ilé ọtí ló gbà tààrà. Bí wọ́n ti ń gbé ìgò kalẹ̀ fún un, ohun kan ṣoṣo ló ń wí: ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó mu ún. Ọjọ́ Ẹtì, ó mu ún. Àárọ̀ Sátidé, abẹ́ tábìlì tó ti ń gé aṣọ ló sùn sí. Ìyàwó rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kàn án títí, ó pè é lórúkọ tí kò pè é látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Fojúwọ̀n kò gbọ́. Nígbà tó fi máa jí, oòrùn ti wọlé dé ẹsẹ̀ máṣíìnì.

Ó fò dìde. Ó wọ bàtà sódì, ó sáré, àwọn tó ń kọjá ń yà fún un. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọkùnrin kan ń to àga léra wọn, obìnrin kan ń gbálẹ̀. Òdòdó tó já lulẹ̀ ló ń gbá jọ.

Obìnrin náà gbójú sókè. "Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ta lẹ ń wá?"

Fojúwọ̀n wo ọ̀nà àárín àwọn àga, láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé iwájú pẹpẹ. Ọ̀nà náà kò gùn. "Ìyàwó," ló sọ.

"Háà, wọ́n ti lọ o. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣé ẹbí ìyàwó ni yín?"

Fojúwọ̀n gbọ́ ìbéèrè náà. Ó wo ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ara rẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Mo kàn ń kọjá lọ ni." Ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ti di ẹrù. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Fojúwọ̀n. Ó ní, "Mi ò bá yín jà mọ́, bàbá ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni màá wà." Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí aláìsàn.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò lẹ́wà, mi ò sì ní fi iyọ̀ sí i. Fojúwọ̀n ń mutí, kò gbádùn rẹ̀ mọ́. Ó ń mu ún bí ẹni ń san gbèsè. Àwọn oníbàárà wá gba aṣọ wọn tí wọn ò tíì rán, wọ́n gbé e lọ. Eruku bo máṣíìnì. Àwọn ọ̀rẹ́ ilé ọtí, àwọn tó máa ń pè é ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá, kò sí ọ̀kan tó wá bi í pé báwo ló ti jẹ. Ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ òun ti parí, pé ó kan kóun sùn lọ́jọ́ kan kóun má jí mọ́.

Kápíńtà ló bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọtí ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ látàná, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bì, ó ń bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kápíńtà kò wàásù. Ó gbé e sẹ́yìn, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà á sọ fún wọn pé ẹni tó ti mutí tó bẹ́ẹ̀ kì í dá a dúró lójijì nínú ilé, ó lè pa á. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, Ọjọ́bọ̀ ni. Kápíńtà wá mú un. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, Fojúwọ̀n kò sì já a gbà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n wọ̀.

Ọkùnrin tó wọ kóòtù ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀mùtí ni mí. Ọ̀gá iléèwé ni mo jẹ́, mo sì ti mutí ṣubú lójú àwọn ọmọ kíláàsì rí. Jésù ló gbé mi." Ó jókòó. Obìnrin tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ dúró ṣánṣán dìde, ó ní ilé ẹjọ́ ti gba àwọn ọmọ òun lọ́wọ́ òun, òun ò tíì rí wọn títí di òní. Fojúwọ̀n wolẹ̀. Ojú tó ń fi yangàn látọjọ́ yìí, kò rí nǹkan kan rí. Nígbà tó kàn án, kò lè lanu. Wọ́n ní kò burú.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ni ìtàn dùn sí? Rárá. Ó lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sọ nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ dúdú bí ó ti wà. Ó ń tijú, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ó sọ fún Kápíńtà pé, "Ẹ̀yin ló ṣiṣẹ́ fún. Èmi ti pẹ́ jù." Ní ọjọ́ kan, ó kọjá níwájú ilé ayàwòrán, ó rí àwòrán ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Fojúwọ̀n dúró síbẹ̀ títí. Ibi tó gbà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tún jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn gbé e dé kọ́rídọ̀ ni, ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀ lákọlákọ. Kò lè wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lórí sìmẹ́ńtì tí ẹsẹ̀ gbogbo aláìsàn ti tẹ̀, ó fi orí sáàárín orúnkún.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá iléèwé ló jáde, tòun ti kóòtù aláwọ̀ eérú. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó jókòó tì í lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ náà, eruku àti gbogbo rẹ̀.

Fojúwọ̀n ta gìrì. Aránṣọ ni, kò lè ṣe kó má rí i. "Ọ̀gá, aṣọ yín!"

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Aṣọ kọ́ ló ń ṣe èmi àti ẹ̀yin."

"Mo tún ti mu ún."

"Mo ń gbóòórùn rẹ̀." Ọkùnrin náà kò sún sẹ́yìn. "Ṣé ẹ rò pé Jésù máa dúró kẹ́ ẹ fọ ẹnu kó tó súnmọ́ yín ni? Orí ilẹ̀ báyìí ló bá mi. Ẹni tó fi ògo sílẹ̀ wá kú fún irú wa, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kì í rí i lára."

"Mo ti búra tó. Ìbúra mi ò nítumọ̀ mọ́."

"Ẹ má búra. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ ò lè ṣe é."

Fojúwọ̀n gbé orí sókè. Kò dìde, kò kúnlẹ̀, kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbàdúrà. Ó ní, "Jésù, mi ò lè ṣe é. Mo ti ba ayọ̀ ọmọ mi jẹ́. Wọ́n bi mí bóyá ẹbí ìyàwó ni mí, mo sẹ́ ọmọ mi. Mo ń rùn. Tí O bá lè gba irú èyí, gbà mí." Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́, ọkùnrin yẹn sì fi apá kóòtù nu ojú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Ohùn kankan kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn dìde, wọ́n wọlé, àwọn tó wà nínú yàrá sì sún àga fún un pẹ̀lú òórùn ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ló dìde láàárín wọn fúnra rẹ̀, tó sì sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn títí di báyìí, ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Má rò pé ó rọrùn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nígbà míì. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì padà wálé. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó tọrọ àforíjì. Ọmọ náà ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ ẹ má tíì wá. Mi ò tíì lè wò yín lójú." Fojúwọ̀n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Màá dúró." Ó ṣì ń dúró.

Ọlọ́run ti dárí ji Fojúwọ̀n, pátápátá. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn ti lọ, kò sì sí àdúrà tó lè dá a padà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. Wàá ní tìẹ ò tíì burú tó yẹn, pé o ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, pé wákàtí tó bá wù ẹ́ lo lè fi í sílẹ̀. Fojúwọ̀n náà sọ ọ́. Ó búra fún àwọn àgbà ẹbí pé òun ti jáwọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnu rẹ̀ ti tún ń rùn. Ọ̀rẹ́ mi, ta lò ń tàn? Ìyàwó rẹ mọ̀. Ọmọ rẹ mọ̀. Ọlọ́run tó rí ọ kí wọ́n tó bí ọ mọ̀.

Bóyá o tiẹ̀ ti wá ìrànlọ́wọ́ rí, tí o ṣi ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Bóyá ìjọ kan lé ọ. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n má gba ilé ọtí lọ láti lọ sunkún. Kan ilẹ̀kùn míì. Bi nọ́ọ̀sì, bi pásítọ̀, bi ẹni tó ti mu ún rí tó sì ti jáwọ́, pé níbo ni irú àwa ti ń pàdé. Bí wọ́n bá ní àwọn á bá ọ lọ, jẹ́ kí wọ́n bá ọ lọ.

Kì í ṣe ọ̀la. Ọ̀la ni Fojúwọ̀n ń dá títí àwọn àga fi di títò léra. Ẹnì kan ṣì ń fẹ́ ọ, kò tíì sú u, ọjọ́ tó fẹ́ kó o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kò tíì kọjá. Jésù tó kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀ sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbi tó o jókòó sí yìí, tòun ti òórùn ẹnu rẹ. Sọ ọ́ fún un báyìí, kí o sọ ọ́ síta: "Mi ò lè ṣe é, gbà mí." Lẹ́yìn náà, wọ bàtà rẹ, kí o máa lọ.